Físíìsì ni mo kà, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní láàbù tí wọ́n ti ń ya àwòrán ọpọlọ?

Ìbéèrè tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àyè láti lọ ṣe másítàs ní láàbù kan tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Mi ò dé irú ibẹ̀ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní dókítà nìkan ló wà níbẹ̀, pé mi ò ní rí nǹkan kan ṣe, ẹlòmíì tún ní wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yẹn wo ohun téèyàn ń rò lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn wo gan-an ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ni wọ́n sì ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?"

Àbúrò mi, o kú oríire. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n já ẹ láyà, àwọn dókítà kọ́ ló ni ilé yẹn. Nínú àwọn tó gbé ẹ̀rọ MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò ya inú ara, dáyé gan-an, Paul Lauterbur, onímọ̀ kẹ́mísìrì ni, Peter Mansfield sì ka físíìsì bíi tìẹ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fún ní Nobel ìmọ̀ ìṣègùn ní 2003, kò sì sí dókítà oníṣègùn nínú wọn. Àwòrán tí Lauterbur gbé jáde ní 1973, omi inú túùbù ló yà, kò tíì kan orí ẹnikẹ́ni. Mansfield ní tiẹ̀ ló wá ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ya àwòrán ní wàràwàrà, ní 1977, ọgbọ́n yẹn náà la ṣì ń lò títí dòní tá a bá fẹ́ mọ ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Torí náà tí wọ́n bá tún bi ẹ́ pé kí ni onífísíìsì ń wá níbẹ̀, ní kí wọ́n lọ jókòó.

Ìbéèrè kejì ló le díẹ̀, ti pé ṣé wọ́n ń rí ohun téèyàn ń rò. Rárá ni. Àmọ́ rárá yẹn ní àlàyé nínú, àlàyé ẹ̀ náà ló máa jẹ́ kó o mọ ìdí tí oríṣiríṣi èèyàn fi kún inú láàbù kan ṣoṣo, torí jẹ́ n sọ ọ́ fún ẹ láìfi bọpo bọyọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tá à ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe wíwo ọpọlọ, dídènà irọ́ ni. Àwòrán yẹn lè parọ́ gan-an, ó sì máa ń pa á mèremère.

Wò ó báyìí. Ara wa kún fún omi, omi sì ní háídrójìn nínú. Téèyàn bá wọ inú òòfà tó lágbára, àwọn prótọ́ọ̀nù inú háídrójìn yẹn á to ara wọn díẹ̀ sí ọ̀nà kan, wọ́n á sì máa pòòyì ní ìwọ̀n tó bá agbára òòfà náà mu. Tá a bá wá ju ìgbì rédíò tó ṣe déédéé pẹ̀lú ìwọ̀n yẹn lù wọ́n, wọ́n á gbà á, wọ́n á tún dá a padà, èyí tí wọ́n dá padà yẹn la fi ń ya àwòrán. Òòfà tó wọ́pọ̀ ní láàbù ìwádìí, 3 tesla ni, ìyẹn fi nǹkan bí ìlọ́po 60,000 ju òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì lọ, ìgbì rédíò tó bá a mu sì wà ní nǹkan bíi 128 megahertz, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ibi tí FM parí sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi bàbà wé gbogbo yàrá yẹn, ògiri, òkè, ilẹ̀, títí kan ilẹ̀kùn, káwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò níta má baà wá dá sọ́rọ̀ ọpọlọ ẹni ẹlẹ́ni.

Èyí tí mo sọ yìí ló ń fún wa ní àwòrán bí ọpọlọ ṣe rí. Ti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní fMRI, ẹ̀jẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Linus Pauling àti Charles Coryell ti rí i láti 1936 pé ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tó ti já ọ́síjìn tiẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe bákan náà níwájú òòfà. Ó tó ọdún 54 lẹ́yìn ẹ̀, ní 1990, kí Seiji Ogawa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó fi ìyẹn ya ọpọlọ eku, nígbà tó fi máa di 1992, láàbù tó ju ẹyọ kan lọ ti ń ṣe é fún èèyàn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí ibì kan nínú ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́, ara á da ẹ̀jẹ̀ tuntun síbẹ̀, á tiẹ̀ dà á ju èyí tí ibẹ̀ máa lò lọ, ọ́síjìn ibẹ̀ á wá pọ̀ sí i, àmì tí skánà, ìyẹn ẹ̀rọ MRI náà, ń gbà á sì gòkè díẹ̀. Díẹ̀ tí mò ń wí yìí, bíi 1 sí 2 nínú 100 ni o, nígbà míì kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 6 lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ṣe tiẹ̀ kí àmì yẹn tó ga dé òkè pátápátá.

Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ là ń rí, a ò rí èrò, ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an sì ń pẹ́ kó tó dé. Ibi tó kéré jù tá a lè dá mọ̀ nínú àwòrán, tí wọ́n ń pè ní voxel, sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 2 sí 3 ní ìhà gbogbo, sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ (neuron) tó wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún, nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 tó wà nínú ọpọlọ àgbàlagbà. Ó dà bí ẹni tó dúró lókèèrè tó ń gbọ́ ariwo ọjà, ó mọ̀ pé ọjà ti kún, ó lè mọ ìsọ̀ tí èrò pọ̀ sí, àmọ́ ohun tí ẹnì kan ń bá ẹnì kejì sọ níbẹ̀, kò lè gbọ́ ọ.

Àwọ̀ pupa àti yẹ́lò tó o máa ń rí lórí àwòrán ọpọlọ nínú ìròyìn, kò sí nínú orí ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ni. Wọ́n ya ọpọlọ nígbà tí onítọ̀hún ń wo ojú èèyàn, wọ́n tún yà á nígbà tó ń wo ilé, wọ́n yọ èkejì kúrò nínú èkíní, wọ́n fi státísíìkì díwọ̀n ohun tó ṣẹ́ kù, ibi tó bá kọjá ààlà táwọn fúnra wọn fà ni wọ́n kùn lọ́dà. Tí wọ́n bá sún ààlà yẹn wálẹ̀, gbogbo orí á pupa, tí wọ́n bá gbé e sókè jù, kò ní sí àwọ̀ kankan, dátà kan náà ni o. Mi ò ní gbogbo ẹ̀ ni irọ́. Irú ojú àti ilé yìí náà ni Nancy Kanwisher àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi rí ibì kan ní 1997, nísàlẹ̀ ọpọlọ sí apá ẹ̀yìn, tó máa ń dáhùn sí ojú èèyàn ju nǹkan míì lọ, àìmọye láàbù ló ti tún un ṣe, ó ń jáde ṣáá ni.

Ó yá, ká bọ́ sórí àwọn èèyàn.

Ẹni tí wàá kọ́kọ́ bẹ̀rù ní láàbù kì í ṣe pròfẹ́sọ̀, rédíógráfà ni, ìyẹn ẹni tó ń jókòó ti skánà. Pròfẹ́sọ̀ lè fẹ́ kí ẹnì kan wọlé, tí rédíógráfà bá ti ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí. Òòfà yẹn kì í kú ni ìdí ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, òòfà náà ti kú nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀, wáyà tí wọ́n fi ṣe é wà nínú hílíọ̀mù olómi tó tutù dé nǹkan bíi -269 digrì Celsius, iná tó wà nínú ẹ̀ ń yípo tọ̀sán tòru láìsẹ́ni tó ń tì í. Sísọ́ọ̀sì, kọ́kọ́rọ́, àga onírin, ohunkóhun tí òòfà lè fà, tó bá ti kọjá ilẹ̀kùn yẹn, fífò ló máa fò wọnú ihò ẹ̀rọ, ẹni tó bá sì wà nínú ihò yẹn ló máa gbà á. Ní 2001, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, sílíńdà ọ́síjìn tí wọ́n gbé wọ yàrá MRI fò lọ bá ọmọ ọdún mẹ́fà kan nínú ẹ̀rọ, ọmọ náà sì kú. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ yìí tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìbéèrè tí rédíógráfà máa ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà pọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Ṣé wọ́n fi ẹ̀rọ sí yín láyà láti máa ti ọkàn yín lẹ́yìn? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀? Ṣé ẹ ti ṣe wẹ́dà rí, torí ẹ̀rún irin lè ti wà nínú ẹyinjú látọjọ́ pípẹ́ tí onítọ̀hún ò mọ̀, òòfà á sì mì í níbẹ̀. Oyún ńkọ́? Táttù ńkọ́? Yẹtí, òrùka imú, bẹ́líìtì, kọ́mú tó ní wáyà, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Irun lọ̀rọ̀ wá pọ̀ sí jù. Wíìgì tí wọ́n fi kílíìpù há, àtáṣímẹ́ǹtì tó ní pín-ìn-nì lábẹ́, òwú dídán tí wọ́n fi kó irun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé irin wà nínú ẹ̀. Ẹnì kan á búra pé òun ti yọ gbogbo ẹ̀, rédíógráfà á gbé ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wá irin kọjá lórí ẹ̀, ẹ̀rọ á ké, wọ́n á tún padà síwájú dígí lọ máa fi ìka tú irun wò lẹ́sẹẹsẹ, pín-ìn-nì kan á sì já bọ́ láti ẹ̀yìn etí. Pín-ìn-nì tó kéré tó yẹn, ká tiẹ̀ ní kò ṣe ẹni náà léṣe, ihò dúdú ló máa yọ sínú àwòrán, ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ tó súnmọ́ ọn á sì wọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ á máa kọ ìwé lé e lórí.

Tí wọ́n bá wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, wọ́n á dí wọn létí, torí ariwo ẹ̀ lè ju 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ, wọ́n á fi fóòmù há orí wọn, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ tí àyà wọn bá ń já. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mi orí" ni wàá máa sọ títí ẹnu á fi rò ẹ́. Ẹni tó bá wúkọ́, tó bá rẹ́rìn-ín, tó bá na ẹsẹ̀ tó há, orí ẹ̀ ti kúrò níbi tó wà, ìdajì mílímítà sì ti tó láti da nǹkan rú nígbà tó jẹ́ pé 1 nínú 100 là ń wá. Ká ní gbogbo èèyàn ló ń mira bákan náà, kò bá dára. Ọmọdé ń mira ju àgbà lọ, ẹni tí ara ẹ̀ ò yá ń mira ju ẹni tára ẹ̀ dá lọ, tó o bá wá fi ọmọdé wé àgbà, tó o rí ìyàtọ̀, ṣé ọpọlọ lo rí àbí ìmira? Ní 2012, láàbù bíi mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gbé e jáde pé ìmira tí ojú lásán ò lè rí ló ń dá apá kan sílẹ̀ lára ohun táwọn èèyàn ti ń kà sí ìyàtọ̀ nínú bí apá ọpọlọ ṣe ń bá ara wọn ṣe. Láti ìgbà yẹn, tí ìwé kan bá fẹ́ fi ọmọdé wé àgbà tí kò sọ ohun tó ṣe nípa ìmira, èmi ò kà á kọjá ojú ewé kìíní.

Ibi tìẹ la dé yìí. Onífísíìsì láàbù ló ń kọ sequence, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ fún skánà ìgbà tó máa ju ìgbì rédíò, ìgbà tó máa tan gradient, ìyẹn òòfà kékeré tó ń jẹ́ kó mọ ibi tí àmì ti wá, ìgbà tó máa dákẹ́ kó gbọ́. Òun náà ló ń ya phantom, bọ́ọ̀lù kan báyìí tí wọ́n rọ omi kẹ́míkà sí nínú, ó ń yà á léraléra, ó ń wò ó bóyá àmì tó jáde lónìí bá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá mu. Iṣẹ́ yẹn súni, ká má parọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀bùn wá fún ẹ nítorí ẹ̀. Àmọ́ ká ní coil kan, ìyẹn wáyà tó ń gbọ́ àmì, ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, tó wá lọ jẹ́ pé àwọn aláìsàn ni wọ́n yà ní January, àwọn tára wọn dá ni wọ́n yà ní June, ìyàtọ̀ máa jáde, á jáde dáadáa, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn kankan. Ẹni tó ya bọ́ọ̀lù lo máa lọ bá.

Nǹkan míì tún wà tí onífísíìsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ rántí: apá ọpọlọ tó wà lókè imú àti èyí tó súnmọ́ ihò etí, afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ wọn ń da òòfà rú níbẹ̀, nínú àwòrán oníkíákíá yẹn àmì á kàn pòórá. Akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì á wá kọ ọ́ pé "a ò rí i pé ibí yìí ṣiṣẹ́." Kò rí i ni lóòótọ́, skánà ò gbọ́ nǹkan kan láti ibẹ̀! Wàá jókòó tì í, wàá gbé àwòrán tútù tí wọn ò tíì kùn lọ́dà sílẹ̀ fún un, wàá fi ihò náà hàn án. Ìjókòó bẹ́ẹ̀ wúlò ju kíláàsì mélòó kan lọ.

Mo dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì, má rò pé mò ń fojú kéré wọn o. Àwọn ló ń ṣètò ohun tí èèyàn máa ṣe nínú ẹ̀rọ, kò sì sí físíìsì tó lè gba iṣẹ́ tí wọn ò ṣètò ẹ̀ dáadáa là. Tó o bá fẹ́ mọ ibi tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ, kí lo máa fi wé ọ̀rọ̀ kíkà? Ojú ìwé òfìfo? Á jẹ́ pé ìwọ ti ka ojú tó ń rìn, ìmọ́lẹ̀ tó yàtọ̀, àti àfiyèsí mọ́ ọn. Lẹ́tà tó dàrú? Ìyẹn sàn. Èdè míì tí kò gbọ́? Ó tún yàtọ̀. Wọ́n lè fi oṣù mélòó kan jiyàn lórí nǹkan báyìí kí ẹnikẹ́ni tó dé ẹnu ọ̀nà skánà, ibi ìjiyàn yẹn ló sì ti máa ń dùn jù lójú tèmi.

Àwọn tó kù, ẹni tó ń pe àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wà níbẹ̀, òun ló ń dá àkókò fún wọn, tó ń ka fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí fún wọn, tó ń rí sí i pé ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, ti fọwọ́ sí gbogbo nǹkan. Postdoc wà, ìyẹn àwọn tó ti gba PhD tí wọ́n ṣì ń ṣe ìwádìí lábẹ́ pròfẹ́sọ̀, àwọn ni wọ́n mọ ibi tí gbogbo kóòdù sá pamọ́ sí. Pròfẹ́sọ̀ wà, tó ń kọ̀wé béèrè owó ìwádìí, tí wàá máa rí fìrí. Ẹni tó ń tọ́jú dátà wà, kò sì sí ẹni tó kó ìyà jẹ tó o: á yí fáìlì láti irú tí skánà ń kọ (DICOM) sí irú tí software ìwádìí ń kà (NIfTI), á tò ó bí ètò BIDS tó jáde ní 2016 ṣe fẹ́ kí láàbù gbogbo máa tò ó kí ẹlòmíì lè lò ó, á sì yọ ojú kúrò lára àwòrán. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú. Àwòrán MRI gbé imú àti ètè pẹ̀lú, téèyàn bá kó o jọ sórí kọ̀ǹpútà ojú onítọ̀hún á hàn kedere, torí náà yíyọ orúkọ nìkan ò tó.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló wá kan àwọn tó ń ṣe ìṣirò, ibi tí irọ́ pọ̀ sí jù lọ nìyẹn. Ní 2009, Craig Bennett àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ẹja sámọ̀ọ́nù kan tó ti kú sínú skánà, wọ́n fi fọ́tò àwọn èèyàn hàn án, wọ́n ní kó sọ bí inú ẹni tó wà nínú fọ́tò ṣe rí. Wọ́n ṣírò dátà ẹ̀ láìṣe àtúnṣe tó yẹ, ẹja tó ti kú wá ń "ronú", àwọ̀ pupa yọ nínú ọpọlọ ẹ̀. Wọ́n gba Ig Nobel, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú, lórí ẹ̀ ní 2012, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìṣirò ibẹ̀ ò ṣe é fi rẹ́rìn-ín: tó o bá bi voxel 100,000 léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, tó o sì gbà fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó ṣì ọ́ lọ́nà ní ìgbà 5 nínú 100, voxel 5,000 ló máa sọ fún ẹ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbi tí nǹkan kan ò ti ṣẹlẹ̀.

Wàá ní ṣebí àtúnṣe ti wà fún ìyẹn. Ó wà. Ní 2016, Anders Eklund, Thomas Nichols àti Hans Knutsson wá dán àwọn software tí gbogbo wa ń lò wò, SPM, FSL àti AFNI, pẹ̀lú dátà àwọn tó kàn sùn jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ, wọ́n rí i pé ọ̀kan lára ọ̀nà àtúnṣe tó wọ́pọ̀, tí wọ́n bá fi ààlà tó rọ̀ lò ó, ń ṣini lọ́nà ju 5 nínú 100 lọ fíìfíì, ibi tó burú jù dé 70. Ọ̀rọ̀ tún gbóná sí i ní 2020, wọ́n kó dátà èèyàn 108 kan náà fún ẹgbẹ́ olùwádìí 70, ìbéèrè mẹ́sàn-án kan náà ni wọ́n bi wọ́n, kò sí ẹgbẹ́ méjì tó gba ọ̀nà kan náà ṣe é, ìdáhùn wọn lórí àwọn kan nínú ìbéèrè yẹn sì yàtọ̀ síra gan-an. Kò sí ọ̀lẹ tàbí oníjìbìtì nínú ẹ̀ o. Ìpinnu kéékèèké ni, bó o ṣe máa fọ àwòrán, bó o ṣe máa mú un dán, èwo lo máa sọnù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀nà ló sì wà láti dé ìdí ìṣirò kan.

Ní 2022 ni Scott Marek àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá kó dátà nǹkan bíi èèyàn 50,000 jọ, wọ́n ní tó o bá fẹ́ fi ìrísí tàbí ìsopọ̀ ọpọlọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ìwà tàbí òye ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lo nílò, bẹ́ẹ̀ láàbù tó pọ̀ ti ń fi èèyàn ogún-ún ó lé ṣe é láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn èèyàn wá ń sọ pé láàbù kékeré ti parí. Èmi ò gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn kan irú ìbéèrè kan ni, ti ìyàtọ̀ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì. Tó bá jẹ́ bí ọpọlọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dáhùn sí nǹkan lo ń wá, o lè ya èèyàn mẹ́wàá, kó o ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí iṣẹ́ ẹ sì dúró digbí.

Má rò pé skánà nìkan ló wà níbẹ̀ o. EEG, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ iná tí ọpọlọ ń dá láti orí awọ orí, ti wà ṣáájú ẹ̀, Hans Berger ti gbọ́ iná ọpọlọ èèyàn ní Jámánì ní 1924, ó gbé e jáde ní 1929. EEG kì í dúró de ẹ̀jẹ̀, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, á gbọ́ ọ, àmọ́ ibi tó ti wá gan-an ló ṣòro mọ̀. MEG náà wà, David Cohen ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1968, òun ń gbọ́ òòfà tí ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń dá, tó kéré sí ti ilẹ̀ ayé ní nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù 100. Ọ̀rọ̀ EEG yìí kan àwa onírun líle gan-an. Ìmúni, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń gbọ́ iná, gbọ́dọ̀ kan awọ orí, irun wa tó ki, tàbí tí wọ́n dì, kì í jẹ́ kó kàn án, ọ̀pọ̀ láàbù á rọra sọ pé "kò bá wa mu," wọ́n á fi onítọ̀hún sílẹ̀, ìwé á wá jáde pé báyìí ni ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣe, láìsí irú wa nínú ẹ̀. Arnelle Etienne, nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon, ló bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe irú ìmúni tó ń há sáàárín irun kíkó, wọ́n ní kí irun wà ní kíkó, kí ìmúni jókòó sí ojú ìlà. Tó o bá dé láàbù ẹ tí wọ́n ní irun ẹnì kan ò ṣe é lò, bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀.

Ká wá padà sí ọ̀rọ̀ "ohun téèyàn ń rò". Àpẹẹrẹ méjì nìyí lára ibi tí wọ́n dé. Ní 2006, Adrian Owen àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ya obìnrin kan tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kì í fi ara dáhùn nǹkan tí wọ́n bá ní kó ṣe, táwọn dókítà gbà pé kò mọ nǹkan kan mọ́, wọ́n ní kó rò ó pé òun ń gbá tẹ́níìsì, lẹ́yìn náà kó rò ó pé òun ń rìn káàkiri ilé òun, ọpọlọ ẹ̀ sì dáhùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti ẹni tára ẹ̀ dá. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, òun ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí wọ́n bá bi mí pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún. Ní 2023, Jerry Tang àti Alexander Huth àtàwọn ẹgbẹ́ wọn fi kọ̀ǹpútà tú ìtumọ̀ ìtàn tí èèyàn ń gbọ́ jáde láti inú fMRI ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tó gbà: ẹnì kọ̀ọ̀kan sùn sínú skánà fún nǹkan bíi wákàtí 16 tó ń gbọ́ ìtàn kí kọ̀ǹpútà tó mọ tiẹ̀, ohun tí wọ́n fi ọpọlọ lágbájá kọ́ kò ṣiṣẹ́ lórí tàmẹ̀dò, bí onítọ̀hún bá sì pinnu láti máa ro nǹkan míì, iṣẹ́ dàrú. Kò sẹ́ni tó lè yọ́ wo inú ẹ láìjẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ lọ sùn síbẹ̀ kó o má sì mira, o sì ti mọ bí ìyẹn ṣe le tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó máa wọ láàbù mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, nínú àwọn tó kàn wá ṣe ìwádìí tára wọn dá ṣáká, nǹkan máa ń yọ nínú àwòrán, kókó kan, òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú. Ìwọ lo jókòó, o rí i, o kì í ṣe dókítà, ẹni náà sì ń wọ bàtà ẹ̀ lọ́wọ́ ní yàrá kejì. Má sọ nǹkan kan, má ṣe ojú, má sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Láàbù tó mọ iṣẹ́ ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí ṣáájú pé ta ni wọ́n máa gbé àwòrán lọ bá, ta ló máa sọ fún ẹni náà, báwo ni wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó o bá débẹ̀, béèrè ìlànà yẹn.

Kó o tó lọ, kọ́ Python àti bí wọ́n ṣe ń lo Linux, físíìsì tó o ti kà ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Lọ sórí ìkànnì OpenNeuro, dátà ọ̀fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, mú ẹyọ kan tó kéré, fi FSL tàbí SPM ṣí i, ọ̀fẹ́ làwọn náà, gbìyànjú kí ohun tí àwọn tó ni ín rí jáde fún ìwọ náà. Ó lè má jáde. Kọ ibi tó ti yàtọ̀ sílẹ̀, fi bi postdoc tó o bá kọ́kọ́ bá pàdé, wàá tètè mọ irú láàbù tó o wọ̀ láti bó ṣe dá ẹ lóhùn. Tún bi wọ́n bóyá àwọn náà máa ń gbé dátà tiwọn síta, ẹni mélòó ló ń jọ lo skánà yẹn, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí wákàtí gbà níbẹ̀ àbí òru nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá sì ní kó o wá wo yàrá skánà lọ́jọ́ tó o bá dé, fi fóònù, aago àti káàdì báǹkì ẹ sílẹ̀ níta, torí òòfà yẹn á nu ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì nù pátápátá, wàá wá lọ tò ní báǹkì.